Amọ̀ Tútù Kì í Wọ Iná

Mo tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì, mo fi rúlà fa ìlà mẹ́rin sí i, mo wá gbé fóònù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tèmi àti ti màámi. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Mo ti fọ abọ́, mo ti sá aṣọ, kò sí ohun tó máa pè mí dìde mọ́.

"Màámi, ẹ jókòó síbí. Ẹ̀yin ni ọ̀tá mi lónìí."

"Ọ̀tá ẹ? Èmi tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé ẹ kiri?"

"Nínú géèmù ni. Ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀."

"Ṣé màá borí?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká borí, Màámi. A fẹ́ dán nǹkan kan wò ni."

"Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà rí kí n má fẹ́ borí. Gbé e wá."

Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì jókòó bí adájọ́.

Géèmù náà kò le. Oníkálukú máa ń mú káàdì mẹ́ta wá sójú ìjà, abàmì ẹranko kan ló wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí ọgọ́rùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní. Tó bá kàn ẹ́, wàá mú ọ̀kan nínú tìẹ kó lu ọ̀kan nínú ti ẹnìkejì. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ kú tán ló pàdánù. Ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n: omi ń borí iná, iná ń borí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń borí ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń borí omi. Tí o bá lu ẹni tí o ń borí, ogójì lo máa yọ nínú ẹ̀mí rẹ̀. Tí o bá lu ẹni tó ń borí rẹ, mẹ́wàá péré. Ní ti ìyókù, ogún ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí géèmù náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí omi bá lu abàmì ilẹ̀, mẹ́wàá péré ló ń yọ, àmọ́ àmì ẹ̀kán omi kékeré kan máa ń yọ létí káàdì náà. Bí iná bá wá lu káàdì tó ní àmì yẹn, kì í ṣe ogún ló máa yọ mọ́. Àádọ́rùn-ún ni. Ó máa bú gbàù. Omi mẹ́wàá, iná àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún pé géérégé, òkú ti sùn.

Akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bíro nítorí bíro mẹ́rin tó máa ń wà lápò àyà rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí èyí. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ ti di ohun yẹ̀yẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fa káàdì ilẹ̀, èmi ló ń jù ú fún. "Gbà, Alámọ̀, ẹbí ẹ rè é." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní òkété, mo ní ìgbín, mo sì ní ekòló kan tó gùn bí okùn.

Táìlì là ń ṣe. Àwa mẹ́fà la wà nídìí ààrò ńlá tí wọ́n ti ń sun ún. Tí a bá jáde níbẹ̀, eruku amọ̀ ti kun wá láti orí dé bàtà, ojú wa nìkan ló máa ń hàn. Yàrá ìsinmi kan ṣoṣo ló wà nílé iṣẹ́, ó ní fèrèsé méjì àti fáànù lókè àjà. Àwọn ọ́fíìsì ló ń lò ó. Bíro ló lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: ERUKU KÒ GBỌ́DỌ̀ WỌLÉ. Kò kọ ọ́ pé àwa ni. Ṣé ó yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́?

Nítorí náà, ìdí ààrò la ti ń jẹun, lórí páálí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ààrò, olórí wa, ẹni tó ti ń sun amọ̀ kí wọ́n tó bí mi, gbé ṣíbí dé ẹnu, wọ́n sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí wọn. Ooru ni. A da omi sí wọn lórí, wọ́n lajú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì sọ ni pé, "Ta ló jẹ ẹja mi?" A rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín tèmi tán, mo sì lọ sọ́dọ̀ máníjà.

Bíro wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé. Máníjà fẹ́ràn káàdì yìí ju oúnjẹ lọ, kò sì fẹ́ràn wàhálà. Ó fi ẹ̀rín sí i: "Ẹ fi géèmù yanjú ẹ̀. Ẹni tó bá borí ló ni yàrá yẹn lásìkò ìsinmi ọ̀sán."

Àwàdà ló ń ṣe. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Bíro náà sì mọ̀, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lọ.

"Mo gbà," ni mo wí.

Ẹ̀rín Bíro dúró. "Ìwọ pẹ̀lú ta ni?"

"Èmi pẹ̀lú òkété, ìgbín àti ekòló."

"Máníjà, ẹ gbọ́ o. Tí mo bá borí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ìdí ààrò kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́ láé."

"Mo gbà," ni mo tún wí. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni a fi í sí.

Èmi ò ní ohun kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ju ẹnu lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni nǹkan yé mi. Mò ń ti kẹ̀kẹ́ táìlì lọ sídìí ààrò, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe máa ń ṣe. Tó bá tutù lára ọwọ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ gbẹ tó. Mo bá ọ̀kan tó tutù, mo fà á yọ. Amọ̀ tútù kì í wọ iná. Tó bá wọ̀ ọ́, omi inú rẹ̀ á di èéfín, èéfín á máa wá ọ̀nà jáde, kò ní rí, táìlì á sì bú gbàù, á fọ́ mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá ti gbẹ ńkọ́? Iná yẹn kan náà ló ń sọ ọ́ di òkúta.

Mo dúró gbagidi pẹ̀lú táìlì lọ́wọ́. Gbàù. Mo ti gbọ́ gbàù yẹn níbòmíràn.

Ẹni tó ṣe géèmù yìí mọ amọ̀. Bó bá mọ̀ pé èyí tó tutù ń bú, á mọ̀ pé èyí tó gbẹ ń le. Báwo wá ni abàmì ṣe máa gbẹ? Bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀ géèmù náà tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ nílé iṣẹ́ wa. SINMI ni wọ́n kọ sí i. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ fún abàmì kan, kò ní lu ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, yóò kàn jókòó. Àṣà tiwa ni pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, wọn á máa fi ṣíbí lu abọ́, wọn á máa kígbe "Ojo! Ojo!" títí yóò fi rọra gbé fóònù rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwa ará ìdí ààrò la sì ń kígbe jù. Àwa tí a ń fi ọjọ́ méjì gbáko dúró de táìlì kó gbẹ, a ò lè fi ìṣẹ́jú kan dúró de òkété. Ìtìjú ni mo kọ́kọ́ ń rò, ẹ̀rín ló wá pa mí.

Ìdí rèé tí mo fi fi géèmù náà sórí fóònù màámi. Inú àwọn káàdì tí wọ́n ń fún ẹni tuntun ni omi kan àti iná kan wà, ọ̀nì àti kìnìún. Ohun tí mo nílò nìyẹn.

"Ẹ fi ọ̀nì lu òkété mi."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kán omi yọ. Mo fi ìgbín lu ọ̀nì wọn.

"Ẹ fi kìnìún lù ú wàyí."

Gbàù. Màámi fò dìde lórí àga. "Mo ti pa á! Ẹ̀yin ará ilé, mo ti pa òkété!"

"Ẹ jókòó, Màámi, àwa méjì la wà nílé." Mo kọ ọ́ sílé àkọ́kọ́ nínú ìwé: omi, iná, ó bú.

Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí ọ̀nì lu òkété, mo tẹ SINMI, ṣùgbọ́n ìgbín ni mo ní kó sinmi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àkókò ló ń gbẹ amọ̀ tàbí ìsinmi tirẹ̀ gan-an. Kìnìún lu òkété. Gbàù. Màámi jó díẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó tutù gan-an ló gbọ́dọ̀ sinmi.

Lẹ́ẹ̀kẹta, òkété fúnra rẹ̀ ni mo ní kó sinmi. Ẹ̀kán omi náà parẹ́. Àwọ̀ òkété funfun díẹ̀, bí táìlì ṣe ń rí lọ́jọ́ kejì.

"Kí n fi kìnìún lù ú?" Màámi ti ń mú ìka bọ̀.

"Ẹ lù ú."

Iná bo òkété mọ́lẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òkété wá jókòó sáàárín rẹ̀, ó pupa bí bíríkì, ohun kan ò sì yọ nínú ẹ̀mí rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni màámi wí. "Ó jóná, kò sì kú?"

"Ó ti jinná ni, Màámi."

Mo fi í lu kìnìún. Ogójì ló yọ, dípò ogún. Mo fi í lu ọ̀nì. Ọgọ́rin. Màámi fi kìnìún lù ú padà, ó di mẹ́wàá péré. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Tún kí ni? O ti rí i!"

"Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì."

A ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá: òkété, ìgbín, ekòló, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro màámi. Ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bákan náà. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Agídí rẹ yìí, bàbá rẹ lo ti mú un. Ta lo fẹ́ bá jà gan-an?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Ààrò fún wọn, àti ti bébà ara ilẹ̀kùn. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀ padà.

"Ó ku báyìí: tí ọkùnrin yẹn bá gbọ́n ńkọ́, tó lóun náà á dúró? Jẹ́ ká ṣe ìyẹn náà."

Ìbéèrè tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, a sì fi odindi wákàtí kan ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Tí ẹni tó ni iná bá dá iná rẹ̀ dúró, ètò mi ti bàjẹ́, ekòló ló máa kọ́kọ́ kú. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo sì tún ro irú ẹni tí Bíro jẹ́: kò tẹ SINMI rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, inú yàrá yẹn gan-an la ti jà. Bíro ti tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí gbogbo àga tí àwa ará ìdí ààrò máa jókòó lé, kí a má baà kó eruku sí i. Bàbá Ààrò wo ìwé ìròyìn, wọ́n wò mí, wọ́n sì dúró lórí ìdúró. Àwa tó kù náà dúró. Èmi nìkan ni mo jókòó, mo kọ́kọ́ ká ìwé ìròyìn tèmi mẹ́rin, mo gbé e sórí tábìlì níwájú Bíro.

Máníjà jókòó sáàárín wa. Kìnìún iná, àwòdì iná àti ọ̀nì omi ni Bíro mú wá.

"Alámọ̀, ekòló lo mú wá bá kìnìún jà?"

"Ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un."

"Á lanu lóòótọ́. Á sì gbé e mì."

Àwọn ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Bíro ló bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọ̀nì lu òkété mi, ẹ̀kán omi yọ, ó sì fara ti ẹ̀yìn àga bí ẹni tó ti jẹun tán.

Mo tẹ SINMI.

Ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í dún lára abọ́. "Ojo! Ojo! Ojo!" Ohùn ará ìdí ààrò kan wà nínú rẹ̀, mo dá a mọ̀, kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Ààrò gbá a létí. Wọ́n wo àwọ̀ òkété lórí fóònù mi, mo sì rí i tí wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi kan táìlì. Ó ti yé wọn.

"Ó kàn yín, Ọ̀gá Bíro."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ òkété sáfẹ́fẹ́ rere," ló wí, ó sì fi kìnìún lù ú.

Iná lọ sílẹ̀. Òkété jókòó, pupa, ẹ̀mí rẹ̀ àádọ́rùn-ún, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣíbí dákẹ́.

"Nẹ́tíwọ̀kì," ni Bíro wí.

"Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan," ni máníjà wí. Ó ti sún àga rẹ̀ mọ́ iwájú.

Mo fi òkété lu ọ̀nì. Ọgọ́rin yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ogún ló kù fún ọ̀nì. Bíro fọwọ́ kan bíro àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tún ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: ọ̀nì lu ìgbín mi, ẹ̀kán omi yọ.

Ọwọ́ mi ń yún mí láti pa ọ̀nì yẹn. Ogún péré! Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń sọ ọ́ sí mi létí: "Pa á, Alámọ̀, pa á!" Ṣùgbọ́n ìwé mi ti sọ ọ́ fún mi: tí mo bá pa á, ìgbín tútù ṣì wà nílẹ̀, iná sì ń bọ̀. Mo tẹ SINMI fún ìgbín.

"Ojo," ni ẹnìkan wí láàárín àwọn ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń béèrè.

Ìgbà yìí, Bíro kò yára. Ó wo ìgbín. Ó wo òkété pupa. Ó wo ìgbín funfun. Mo rí i tó ń bọ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ amọ̀. Akọ̀wé ni, orí rẹ̀ pé. Tí ẹnikẹ́ni kò bá dá sí i, á mọ̀ ọ́n. Ìka rẹ̀ kúrò lórí àwòdì. Ó lọ sísàlẹ̀, sórí SINMI.



"Há à! Ọ̀gá Bíro!" Ọmọbìnrin ibi ìgbowó ló kígbe, ọmọ ọ́fíìsì tirẹ̀ gan-an. "Ẹ̀yin náà ń sinmi? Ojo!"

Ṣíbí kan dún. Èkejì gbà á. "Ojo! Ojo!" Àwọn èèyàn rẹ̀ ni, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní àṣà yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé orí sókè sí wọn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ta ló máa ṣàlàyé fún ṣíbí?

"Ta ni ojo?" ló wí, ó sì fi àwòdì lu ìgbín mi.

Ìgbín jinná. Ó pupa, ó ń dán bíi táìlì ilé ọlọ́lá.

Mo fi òkété pa ọ̀nì. Omi tán lọ́wọ́ Bíro, kò sì sí ohun tó lè rẹ amọ̀ mi mọ́. Látìgbà yẹn, ìjà ti di iṣẹ́ ọwọ́. Òkété lu kìnìún, ogójì. Ìgbín lù ú, ogójì. Ekòló lu ogún tó kù, kìnìún sì wó. Láàárín gbogbo èyí, Bíro fi ìbínú dojú kọ ekòló, ó lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ogún ló kù fún un, ṣùgbọ́n ó tún fi ìbínú lu òkété lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ló sì pa á lára: tó bá fi ọ̀kan nínú méjèèjì kún ti ekòló, ekòló ti kú. Òkété lu àwòdì. Ìgbín lu àwòdì. Ogún kù.

"Bàbá Ààrò," ni mo wí, "ẹ bá mi tẹ èyí tó kù."

Wọ́n nu ìka wọn mọ́ ṣòkòtò, tí kò tiẹ̀ mọ́ ju ìka náà lọ, wọ́n sì tẹ ekòló. Ó na ara rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, ó gbá àwòdì ní ìrù, àwòdì sì bọ́ lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Mi ò lè sọ ariwo tó sọ. Mo kàn mọ̀ pé ẹnìkan gbé mi, eruku ara mi sì gbọ̀n sórí ìwé ìròyìn Bíro. Máníjà yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó yí i lọ́wọ́ díẹ̀ bí ẹni tí àwàdà rẹ̀ ti di òótọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbé e fún mi. "Mo ti sọ ọ́," ló wí. "Mi ò lè yí i padà." Bíro fa bébà ara ilẹ̀kùn ya fúnra rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un lórí ìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé mo mú amọ̀ tútù kan, mo gé e ní ìwọ̀n táìlì, mo sì fi ìṣó kọ nǹkan sí i: òbìírípo kan, ọfà mẹ́rin, omi, iná, afẹ́fẹ́, ilẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ohun tó wà nínú ìwé mi: *Ilẹ̀ tútù, iná fọ́ ọ. Ilẹ̀ gbígbẹ, iná sọ ọ́ di akọ òkúta. Ẹ jẹ́ kó sinmi.* Bíro kọjá ní ọjọ́ kejì, ó dúró.

"Ṣé ẹ ò tíì sun ún ni?"

"Kò tíì gbẹ, Ọ̀gá Bíro."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí a ṣe máa ń ṣe. "Ó tutù lóòótọ́," ló wí, ó sì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ táìlì náà jáde nínú ààrò, pupa, kò sán níbì kankan. Mo fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìsinmi, níbi tí bébà yẹn wà tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ìṣó nídìí ààrò. A kò lé àwọn ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lè wọlé, kò sí ìwé ìròyìn lórí àga fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fáànù ń yí, fèrèsé méjèèjì ṣí sílẹ̀, Bàbá Ààrò sì ti bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àga kejì, wọ́n ń hanrun, ẹja wọn ṣì wà nínú abọ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.